Òkúta àti Iyanrìn ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Ní ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí a kọ́ èbúté tí omi rẹ̀ jìn sí Àgbádárìgì, wọ́n sì fi iye owó rẹ̀ sí dọ́là bílíọ̀nù 2.59. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìlú náà kò lè ṣàì béèrè ohun tí ó mú kí ọ̀ràn yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Àgbádárìgì ti ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣòwò, òwò ẹrú sì ni èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Clapperton gúnlẹ̀ sí ní 1825 kí ó tó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí òkè. Ibẹ̀ ni Freeman dé ní 1842. Ibẹ̀ náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn oníwàásù gbé dúró ní 1845. Báwo wá ni ìlú tí ó ti ń gba àlejò láti ọjọ́ yìí wá kò ṣe ní èbúté?

Iyanrìn ni ó fà á ṣíwájú ohun gbogbo. Ọ̀sà ni ó wà níwájú ìlú. Lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí Gbẹrẹfu wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òkun, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ lu èbúté láìsinmi. Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ọn. Yóò dúró lókèèrè, àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ yóò sì fi ẹ̀mí wọn wéwu láàrin ìgbì láti kó ẹrù lọ, kí wọ́n sì kó ẹrù bọ̀. Àwọn ẹrú pẹ̀lú, a óò tù wọ́n kọjá ọ̀sà, wọn óò sì fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn náà dé etí omi. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀sà fúnra rẹ̀, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ kí ó kọjá ní Àgbádárìgì, kí ó sì dé Èkó láìfojú kan ìgbì òkun. Ọ̀nà tí Ọlọ́run là ni, kò sí agbaṣẹ́ṣe tí ó gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní Èkó ni ọ̀sà ti ya ẹnu sínú òkun. Ẹnu náà kò sì rọrùn: òkìtì iyanrìn dí i lábẹ́ omi, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ ńlá ń já ẹrù Èkó sí Forcados, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó gbé e padà wá. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tí wọ́n sì mú rélùwéè dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ara wọn kò gba èyí mọ́. Ní 1907 ni ọkọ̀ tí ń wa iyanrìn, tí a ń pè ní Egerton, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1908 a bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun láti fi mọ ògiri ńlá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà. Òkúta Ẹ̀gbá ni: ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni a ti ń fọ́ ọ, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e wá. Ìlú tí ó sá sí abẹ́ òkúta wá di ẹni tí ń fi òkúta ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Èkó. Nígbà tí ó fi di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé, Àgbádárìgì sì di ìlú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n iyanrìn kò gbàgbé. Ní gbogbo etí òkun wa, láti Tógò títí dé Èkó, ìgbì a máa tì í láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, lọ́dọọdún, ní ìwọ̀n tí kò kéré. Ibi tí ògiri bá ti dá a dúró, yóò kó jọ sí ìwọ̀ oòrùn, ebi iyanrìn yóò sì pa ìlà oòrùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní Èkó. Ilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní apá ògiri ìwọ̀ oòrùn. Ní apá kejì, òkun gbé etíkun Fikitóríà jẹ ju kìlómítà kan lọ. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ní 1958, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti dáàbò bò ó. Láti ìgbà náà ni a ti ń fa iyanrìn kún ojú rẹ̀, tí omi sì ń kó o lọ, títí tí ilé-iṣẹ́ South Energyx fi bẹ̀rẹ̀ odi ńlá Eko Atlantic ní òpin ọdún 2000 sí 2009. Bákan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní ìlà oòrùn Kútọnù lẹ́yìn èbúté 1965, àti ní ìlà oòrùn Lomé lẹ́yìn èbúté 1968. Nínú ọ̀ràn òkúta sínú òkun, ẹni tí ó jẹ gbèsè kọ́ ni ó ń san án; ẹni tí ń gbé ní ìlà oòrùn rẹ̀ ni.

Ní àwọn ọdún 1970, owó epo dé. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì dúró níwájú Èkó láìríbi já ẹrù, nítorí ìjọba ti rà á ju ohun tí èbúté lè gbà lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n kan ni ó wà nínú èyí, bí kò ṣe pé ó mú iṣẹ́ yá. Julius Berger, ilé-iṣẹ́ Jámánì tí ó gba iṣẹ́ Afárá Èkó ní 1965, kọ́ èbúté Tin Can Island, a sì ṣí i ní 1977. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni a la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ilẹ̀ ti gba iṣẹ́ ọ̀sà, àwọn ọkọ̀ àjàgbé èbúté sì wá ń bá èrò Àgbádárìgì jìjàdù ojú ọ̀nà kan náà.

Ní 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà náà sí ìlà mẹ́wàá, tí ojú irin yóò gba àárín rẹ̀. CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ni a gbé ojú irin náà fún. Kìlómítà 27 ni a pète, láti Marina dé Okokomaiko. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, 13 péré ni ó ti parí, ó sì dúró sí Mile 2. Apá ọ̀nà tí ó kọjá Agbara lọ sí Sẹmẹ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ní agbaṣẹ́ṣe tirẹ̀ àti ìdádúró tirẹ̀. Ìdí nìyí tí arìnrìn-àjò kan fi lè gba ọ̀nà tí ó dán, kí ó wọ kòtò, kí ó sì tún bọ́ sí ọ̀nà tí ó dán, láàrin wákàtí kan ṣoṣo.

Nínú oṣù kìn-ín-ní 2023, a ṣí èbúté Lekki, tí China Harbour kọ́ láàrin ọdún mẹ́ta. Omi rẹ̀ jìn ní mítà 16.5. Ti Àgbádárìgì ṣì wà lórí ìwé nígbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 2024 ìjọba kéde ọ̀nà kìlómítà 1,068 láti Ṣókótó wá sí ìlú náà. Àwọn tí ó ń retí èbúté náà ní ìdí púpọ̀, iṣẹ́ àti owó kò pọ̀ ní etí ọ̀sà. Síbẹ̀, bí òkúta bá máa wọ inú òkun níbẹ̀, yóò dí iyanrìn tí ó ń lọ sí ìlà oòrùn lọ́wọ́, àwọn Ẹ̀gùn apẹja àti àwọn olóko àgbọn tí ilé wọn wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a rí nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà, kí a tó buwọ́ lù ú, ni ẹni tí yóò máa gbé iyanrìn kọjá ògiri lọ́dọọdún, àti ẹni tí yóò máa san owó rẹ̀.