Bí Agbábọ́ọ̀lù Ṣe Lè Dènà Ìfarapa: Bàtà, Ìmúra Ara àti Ìdánrawò

Ní ìparí ọ̀sẹ̀, láti Agídìngbì àti ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Orílé Agége, ó ṣòro láti rí ilẹ̀ gbalasa kan tí ẹ kò ní bá àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń bá ara wọn díje. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé góòlù kékeré tí a ń pè ní mọ́ńkì pósì sí ojú títì. Àwọn ọmọ kéékèèké ń lé àlá àtidi gbajúgbajà. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọn ló jẹ́ pé owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà nídìí ẹ̀rọ: ọjọ́ tí wọn kò bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sí owó ọjọ́ náà. Nítorí náà, ọrùn-ẹsẹ̀ tó rọ́ lọ́jọ́ Àìkú lè di ọ̀ràn oúnjẹ nínú ilé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni àwọn ìṣọ́ra tó lè dín irú ìfarapa bẹ́ẹ̀ kù, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù nínú wọn kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀rí láti ìlú Èkó

Ètò ìmúra-ara kan wà tí a mọ̀ sí FIFA 11+. Ní ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn àjọ FIFA, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn láti Norway àti Amẹ́ríkà, gbé e kalẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú péré ló ń gbà ṣáájú ìdánrawò. Ẹnikẹ́ni lè wí pé àwọn tó ní pápá oníkoríko tútù ni wọ́n ṣe é fún, pé kò kan iyanrìn àti ooru tiwa. Ìbéèrè tó tọ́ ni, wọ́n sì ti wá ìdáhùn sí i nílùú wa níhìn-ín.

Onímọ̀ físíò Olúwatóyọ̀sí Owóẹ̀yẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlú Èkó dán ètò náà wò láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 14 sí 19 nínú ìdíje Lagos Junior League. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20 ni wọ́n lò, agbábọ́ọ̀lù 416 ló sì wà nínú wọn. Ẹgbẹ́ 10 ń ṣe FIFA 11+, ẹgbẹ́ 10 yòókù ń múra bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìfarapa 130 ni wọ́n kọ sílẹ̀ lára agbábọ́ọ̀lù 104, ìyẹn ni pé ẹnì kan nínú mẹ́rin ló fara pa. Àbájáde náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, fi hàn pé ìfarapa dín kù ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ṣe ètò náà, ti ẹsẹ̀ àti itan sì dín kù ní ìdá 48. Èyí tó wú wa lórí jù ni pé àwọn ẹgbẹ́ náà kò tilẹ̀ tẹ̀lé e pé: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwọ̀n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ń ṣe é déédéé kò ní pàdánù nǹkan kan.

Ogún ìṣẹ́jú náà

Apá mẹ́ta ni ó ní, àpapọ̀ àṣeyẹ inú rẹ̀ sì jẹ́ 15. Apá kìíní, ìṣẹ́jú 8, jẹ́ sísáré wọ́ọ́rọ́wọ́ ní méjì-méjì láàárín àmì tí a tò sílẹ̀. Òkúta tàbí ike omi tó ṣófo tó fún àmì. Wọ́n á sáré tààrà, wọ́n á máa gbé itan yí síta àti sínú, wọ́n á yí ara wọn po, wọ́n á fò fi èjìká kan ara wọn, wọ́n á sì yára lọ síwájú kí wọ́n tún padà sẹ́yìn.

Apá kejì, ìṣẹ́jú 10, ni ọkàn ètò náà. Ibẹ̀ ni a ti ń fún iṣan ikùn, itan àti ẹsẹ̀ lókun. Agbábọ́ọ̀lù á fi ìgúnpá àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbé ara ró gbọọrọ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́ẹ̀mẹta. Á tún ṣe é ní ẹ̀gbẹ́. Á dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Á lọ́ṣọ̀ọ́, á dìde, á fò sókè, á sì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Nínú gbogbo èyí, ohun kan ni kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa wò: kí orúnkún má ṣe yà sínú. Kí ó wà ní ọ̀gangan ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Orúnkún tó ń yà sínú nígbà tí ènìyàn bá balẹ̀ tàbí tó bá ṣẹ́rí lójijì ni okùn inú rẹ̀ sábà máa ń já, oṣù púpọ̀ ni irú rẹ̀ sì ń gbà kó tó san.

Àṣeyẹ kan wà nínú apá yìí tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, nítorí iṣan ẹ̀yìn itan, èyí tó máa ń já nígbà tí ẹni tó ń sáré bá ṣàdédé di itan rẹ̀ mú. Agbábọ́ọ̀lù á kúnlẹ̀ lórí ohun rírọ̀, ẹnì kejì á sì di ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú ṣinṣin mọ́ ilẹ̀. Á wá jẹ́ kí ara rẹ̀, láti orúnkún dé orí, máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ láì ká ìbàdí, títí tí kò fi ní lè dá a dúró mọ́. Nígbà náà ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba ilẹ̀. Ìgbà 3 sí 5 tó fún olùbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára lè ṣe 7 sí 10. Iṣan á ro ó ní ọjọ́ kejì ní ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn.

Apá kẹta kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ: eré líle díẹ̀ la pápá kọjá, fífò gbọ̀ọ̀rọ̀, àti ṣíṣẹ́rí lójijì. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó mú bọ́ọ̀lù. Ohun tí a sábà ń rí lórí pápá yàtọ̀ sí èyí: ènìyàn á sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, á na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù olóyì sí aṣọ́lé. Iṣan tútù kì í fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Kí a ṣe ètò náà ní ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán lọ́sẹ̀. Oríṣi tirẹ̀ wà fún àwọn ọmọ ọdún 7 sí 13.

Bàtà àti ààbò ojúgun

Òkìrìkà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó burú ni bàtà tó tóbi, tí a fi aṣọ há iwájú rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ á máa yí nínú rẹ̀. Bàtà eléyín gígùn wà fún koríko àti ilẹ̀ rírọ̀. Lórí pápá oníkoríko àtọwọ́dá bí ti pápá ìṣeré Agége, eyín gígùn máa ń há mọ́lẹ̀, tí ara bá sì yí, orúnkún ló ń jìyà rẹ̀. Eyín kúkúrú tó pọ̀ ló dára níbẹ̀. Lórí ọ̀dà àti kọnkéré, kí a wọ kámbáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì dán.

Òfin kẹrin bọ́ọ̀lù sọ pé dandan ni ààbò ojúgun, kí ìbọ̀sẹ̀ sì bò ó. Páálí tí àwọn ọmọ máa ń gé sínú ìbọ̀sẹ̀ kì í dá ìgbá gidi dúró. Òfin kan náà ló ka òrùka, ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí léèwọ̀. Kí àwọn tó ń bójú tó pápá sì rí i pé wọ́n de òpó góòlù tó ṣeé gbé mọ́lẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ máa ń rọ̀ mọ́ ọn.

Iṣẹ́, oorun àti omi

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru títí di òwúrọ̀ kò yẹ kó ti ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ bọ́ sórí pápá. Iṣan tó ti rẹ̀ kì í tètè gbọ́ràn. Kí ó sùn ná. Ẹni tó ti pẹ́ kó tó padà sí bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gbá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kìíní, kí ó máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí a mu omi kí òùngbẹ tó dé, kí a sì yẹra fún oòrùn ọ̀sán gangan. Ìfarapa àtijọ́ tí kò san tán wà lára ohun tó ń fa tuntun jù lọ.

Bí ìfarapa bá ṣẹlẹ̀

Bí ọrùn-ẹsẹ̀ bá rọ́, kí eré dúró fún ẹni náà. Kí a fi aṣọ wé omi inú ọ̀rá tó ti dì, kí a gbé e lé ibi tó wú fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a má ṣe fi omi gbígbóná jó o, kí a má ṣe fi Aboniki wọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fà á. A mọ̀ pé èyí kò bá àṣà ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, ṣùgbọ́n ooru àti wíwọ́ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ẹran ara pọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí eegun rẹ̀ wọ́, nílò àwòrán X-ray kí ẹnikẹ́ni tó to eegun fún un. Ilé-ìwòsàn LASUTH wà ní Ìkẹjà, ilé-ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìgbóbì.

Ẹni tó bá forí gbá, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn tàbí tí kò rántí iye góòlù, kò gbọdọ̀ padà sórí pápá lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ wù ú.

Èyí tó wúwo jù ni ti ọkàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, 1989, Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, ṣubú lulẹ̀, ó sì kú nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè. Ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ti dákú rí lórí pápá, tí àyà ń dùn nígbà tó bá sáré, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kan kú lójijì ní èwe, kí ó lọ fi ọkàn rẹ̀ han dókítà kí ó tó tún gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹnì kan bá ṣubú láìsí ẹni tó fara kàn án, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, ó tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn pe 767 tàbí 112 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sọ orúkọ àdúgbò àti ibùdókọ̀ tó súnmọ́ pápá, kí ó sì rán ọmọ kan lọ dúró sí ojú títì láti júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn.