Jenifa (fíìmù)
Jenifa ni fíìmù apanilẹ́rìn-ín lédè Yorùbá tí ó jáde ní 2008, nínú èyí tí Funke Akindele ti ṣe Suliat, ọmọ oko tí ó wọ yunifásítì, tí ó sọ ara rẹ̀ ní Jenifa, tí ó sì ń da Gẹ̀ẹ́sì wérewère láìtijú. Ipa yìí ni òṣèré náà fi gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó peregedé jù lọ ní 2009 níbi AMAA, ìdíje fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà. Fíìmù náà kò tíì sú àwọn èèyàn, nítorí kò sí ará ìlú kékeré bí Ìlọrà tàbí Fìdítì tí kò mọ ẹni tí ó ti ìgboro dé tí ahọ́n rẹ̀ ti yí. Ìparí rẹ̀ korò, kòkòrò HIV ni Jenifa kó. Eré tẹlifíṣọ̀n Jenifa's Diary tí ó tẹ̀lé e dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.