Kẹ̀kẹ́ eré-ìje oní-kábọ́nù: ṣé férémù rẹ̀ lè pẹ́?

Lọ́dún 1986 ni Greg LeMond, ọmọ Amẹ́ríkà, fi kẹ̀kẹ́ oníférémù kábọ́nù borí nínú ìdíje Tour de France. Ṣé nǹkan tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè pẹ́? Ó lè pẹ́ dáadáa. Okùn kábọ́nù tín-ín-tín tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ pọ̀ ni. Kì í dípẹtà bí irin, gígùn ojoojúmọ́ kì í sì í tètè sọ ọ́ di aláìlágbára bíi ti alumíníọ́mù.

Ohun tó ń pa á ni kí nǹkan gbá a. Irin á tẹ̀, ojú á sì rí i. Kábọ́nù lè là nínú, kí ọ̀dà ìta ṣì máa dán. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n dè le jù náà máa ń fọ́ ọ, pàápàá nídìí ìjókòó.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó béèrè bóyá ó ti ṣubú rí, kó tó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Àwọn kan máa ń fi owó ẹyọ kàn án lára, kí wọ́n lè gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ yí padà. Ìyẹn nìkan ò tó. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ṣeé tún ṣe nígbà míì. Fọ́ọ̀kì iwájú ni kò gba àwàdà: tó bá kán lórí eré, ojú ni ẹni tó ń gùn ún máa fi balẹ̀.