Ọtí Inú Irà: Bí Ògùrọ̀ Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ Ṣe Di Ẹ̀ṣẹ̀ Lójú Òfin

Lọ́sẹ̀ yìí a kò sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a kò sì sọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò. Ìtàn la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ìtàn tó kan àpò owó ni, ó sì kan ẹ̀mí pẹ̀lú. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Oríṣi ilẹ̀ méjì ló wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Erinje àti káàkiri Ìkálẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ pupa tó wà lókè. Orúkọ Òkìtìpupa fúnra rẹ̀ ti sọ bí ilẹ̀ ọ̀hún ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òde-Ìdẹ̀pẹ̀ ni àwọn àgbà mọ ìlú náà sí. Orí ilẹ̀ pupa yìí ni ọ̀pẹ wà, òun náà ni ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú wà. Èkejì ni irà, ilẹ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀, tí omi rẹ̀ kì í gbẹ tán. Àlejò tó bá wá ra ilẹ̀ kì í wo irà lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, á jẹrà ni. Ṣùgbọ́n inú irà yìí ni igi ògùrọ̀ fi ṣe ilé.

Kí ni a kì í fi ògùrọ̀ ṣe? Ewé rẹ̀ ni a fi ń bo ilé kí páànù tó dé. Ọ̀pá rẹ̀ la fi ń kan àjà, òun la fi ń ṣe àgá. Ìko ń bẹ lára rẹ̀. Bí igi náà bá ṣubú tó sì ń jẹrà, a ó tún bá ìtun nínú rẹ̀, kòkòrò funfun olóràá yẹn tí ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ni olórí gbogbo rẹ̀, ẹmu ògùrọ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o. Ẹmu tí adẹ́mu gbé wálé láàárọ̀ dùn bí oyin, àmọ́ tó bá máa fi di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Láyé àtijọ́ tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó, ta ló fẹ́ gbé ẹmu dé ibẹ̀ kó má di ọtí kíkan? Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni sísè. A ó fi ẹmu sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó le dáadáa, a ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, a ó dáná sí i nídìí. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù bàbà, páìpù á gba inú omi tútù kọjá (ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó làwọn mìíràn ń lò fún omi yẹn), ọtí funfun gbòò á sì máa kán sínú ìgò ní òdìkejì. Ògógóró nìyẹn. Kì í kan, kì í bàjẹ́, ìgò kan ṣoṣo sì lè gba owó kèǹgbè ẹmu bíi mélòó kan.

Kí ló wá dé tí irú ọjà báyìí fi di ohun tí a ń sá pa mọ́ fún ọlọ́pàá?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1872, nígbà tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá ń dí lójoojúmọ́ nítorí ogun, Glover tó jẹ́ gómìnà Èkó ṣí ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ á gba orí ọ̀sà láti Èkó wá sí Atijẹrẹ àti Aiyesan ní ẹkùn tiwa níhìn-ín, ẹrù á sì ti ibẹ̀ gba orí ilẹ̀ lọ sí Oǹdó títí dé òkè lọ́hùn-ún. Ọ̀nà yìí náà ni ìbọn gbà dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Àmọ́ kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń gòkè. Epo pupa àti ekùrọ́ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, ọtí jìnnì àti schnapps láti Holland àti Jámánì ń gòkè bọ̀. Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí ọtí òyìnbó ni owó tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo owó tó ń wọlé fún ìjọba gúúsù Nàìjíríà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí ìwé kan ní Saint-Germain-en-Laye, nítòsí Paris. Ìwé náà ka sísè ọtí líle ní ilẹ̀ tiwa léèwọ̀, ó sì ka kíkó irin iṣẹ́ tí a fi ń sè é wọlé léèwọ̀. Wọ́n ní ìlera aláwọ̀ dúdú ni àwọn ń rò. Schnapps tiwọn sì ń wọlé lọ ràì, bí a bá ti san owó ibodè. Nígbà tí owó epo àti ekùrọ́ já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, tí owó ọtí òyìnbó sì wọ́n, àwọn ènìyàn etí omi ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí se tiwọn gidi. Ìjọba fún un lórúkọ: ọtí tí kò bófin mu. Ọlọ́pàá wọ irà, wọ́n fọ́ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n kó àgbẹ̀ lọ sí kóòtù. Títí di òní, schnapps ni ọ̀pọ̀ wa ń kà sínú ẹrù ìyàwó, a ò sì ní ka èyí tí a sè nínú irà wa. Ẹ̀kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ni o.

Ẹ wá wo ibòmíràn. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Charente. Ìgbèríko ni ibẹ̀ bíi tiwa, ilẹ̀ wọn funfun bí ẹfun, àjàrà ni wọ́n ń gbìn. Ọtí àjàrà wọn náà máa ń bàjẹ́ lórí omi kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Àwọn oníṣòwò Holland ló wá ń ra èyí tí wọ́n ti sè, nítorí pé òun kì í bàjẹ́ lọ́nà. Ìlú tó wà létí odò náà ń jẹ́ Cognac. Hennessy tí ẹ ń rí lórí tábìlì ní òde àríyá, ibẹ̀ ló ti wá, láti ọdún 1765. Ìkòkò bàbà ni wọ́n fi ń sè é, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sè é, wọ́n á sì fi í sínú àgbá igi fún ó kéré tán ọdún méjì.

Ní May 1, 1909, ìjọba Faransé ṣe òfin tó pààlà sí ilẹ̀ tí ọtí rẹ̀ lè jẹ́ Cognac. Ẹni tí oko rẹ̀ bá wà lẹ́yìn ààlà yẹn kò gbọdọ̀ pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà ni ìwé Saint-Germain jáde, Faransé sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Wọ́n fi òfin ṣọ́ ọtí àgbẹ̀ tiwọn, wọ́n fi òfin lé tiwa wọ inú igbó. A kì í bínú orí, ṣùgbọ́n a lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nǹkan tí a bá ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kì í ní ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹkún nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè tí kò jìnnà sí wa, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì. Orí á máa fọ́ wọn, ojú á ṣú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ wọ́n ti lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò kò rí kòkòrò àrùn kankan. Methanol inú ọtí ni gbogbo rẹ̀ tọ́ka sí. Àwọn tó kú ju 15 lọ. Ní Rivers náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò ní ọdún yẹn kan náà, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ògógóró jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ahọ́n kò lè mọ methanol, imú kò lè mọ̀ ọ́n. Kò sí àgbà ọ̀mùtí tó lè tọ́ ọ wò kó ní "èyí dára." Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ. Ẹni tó bá sì mu ọtí tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sọ pé kó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá. A tún rí i pé dída ọtí ilé mẹ́rin márùn-ún pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí bí ọ̀kan bá ní májèlé, kò sẹ́ni tó máa mọ ọwọ́ tó ti wá. Ní Èkó lónìí àwọn kan ti ń di ògógóró sínú ìgò tó rẹwà, bíi Pedro's, wọ́n ń tà á ní owó tó jọ ti òyìnbó. Omi ọ̀pẹ náà ni o. Orúkọ àti àyẹ̀wò ni wọ́n fi kún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ igi fúnra rẹ̀, èyí sì ń dùn wá ju ti òfin lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Ìgbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó gan-an ni a ń dá ẹmu lára rẹ̀, nítorí náà igi tí a bá dá kò ní so èso mọ́. Bí a bá dá gbogbo èyí tó wà nínú irà kan tán, kí ló máa hù rọ́pò? Ilé ìwádìí ọ̀pẹ NIFOR nítòsí Benin, tó ti wà láti 1939, ń ṣiṣẹ́ lórí ògùrọ̀ náà, kì í ṣe ọ̀pẹ elépo nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín lè béèrè lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá lè lọ, kó fi àwọn igi kan sílẹ̀ láìdá, kí èso wọn já bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dẹ́mu ní Ayeka, Igbodigo, Ilutitun àti Erinje níhìn-ín, igi mélòó lẹ fi sílẹ̀ kó so lọ́dún yìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.