Àwo DVD Tí A Ń Kọ Nǹkan Sí: Ìyàtọ̀ Láàárín DVD-R, DVD+R àti Àwọn Ẹgbẹ́ Wọn

Bí a bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àkọ̀wé ìjọ ní Ìdèrè, tàbí ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà, kò níí ṣòro láti rí àwo DVD mélòó kan tí a fi báírò kọ “Ìkórè” tàbí “Ìsìnkú Bàbá Ìjọ” sí lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹ̀dà mìíràn níbikíbi. Ohun tí ó sì ń dààmú àwọn tí ń tọ́jú wọn ni pé ẹ̀rọ kan lè ka àwo kan dáradára, kí ẹ̀rọ kejì kọ̀ ọ́ délẹ̀. Àwo tí a ń kọ nǹkan sí kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ìdí abájọ nìyẹn.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni a kọ́kọ́ mọ̀. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn eré Mount Zion ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ wa. Lẹ́yìn náà ni VCD dé, èyí tí kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, tí ó fi jẹ́ pé àwo méjì ni a ń ra fún eré kan. DVD jáde ní Japan ní ọdún 1996. Ẹyọ kan rẹ̀ gba gígábáìtì 4.7, èyí tí ó tó fún ìsìn wákàtí méjì pẹ̀lú àwòrán tí ó mọ́ kedere.

Ilé-iṣẹ́ Pioneer ni ó mú DVD-R jáde ní ọdún 1997, lábẹ́ àṣẹ àjọ tí a ń pè ní DVD Forum. Gígábáìtì 3.95 péré ni ó kọ́kọ́ gbà, kí a tó gbé e dé 4.7. Ṣùgbọ́n Sony, Philips, Hewlett-Packard, Ricoh, Yamaha àti Mitsubishi Chemical kó ara wọn jọ lọ́tọ̀, wọ́n mú DVD+RW wá sí ọjà ní ọdún 2001, DVD+R sì tẹ̀ lé e ní 2002. (Ìlà kékeré tí ó wà nínú DVD-R kì í ṣe àmì ìyọkúrò rárá, ìlà ìsopọ̀ lásán ni. Ìgbà tí àwọn kejì fi àmì àròpọ̀ sí tiwọn ni aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í pe ti àkọ́kọ́ ní “máínọ́ọ̀sì”.)

Lára àwo kọ̀ọ̀kan ni ipa tóóró kan wà tí ó ń yí po láti àárín lọ sí etí, ìmọ́lẹ̀ lésà a sì máa tọ̀ ọ́. Nínú DVD-R, àwọn àmì kéékèèké tí a ti gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa yìí ni ó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ dé fún un. Nínú DVD+R, wíwọ́ kọ́lọkọ̀lọ ipa náà fúnra rẹ̀ ni ó ń jíṣẹ́. Fún ẹni tí ń wo ìsìn, kò sí ìyàtọ̀ nínú àwòrán. Ibi tí ìyàtọ̀ ti yọjú ni pé àwọn ẹ̀rọ DVD àtijọ́ sábà máa ń gba DVD-R ju DVD+R lọ. Sony mú ẹ̀rọ tí ń kọ irú méjèèjì jáde ní ọdún 2002, láti ìgbà náà ni ìjà ọ̀hún ti ń rọlẹ̀.

Ẹ má ṣe bínú sí ẹni tó ta àwo fún yín bí kọ̀ǹpútà bá fi 4.38 hàn dípò 4.7: ọ̀nà ìṣírò ni ó yàtọ̀.

Àwo R, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń kọ ọ́, nítorí irú aró kan ni lésà ń jó nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, àwo náà sábà máa ń di ìdọ̀tí. RW ní àdàlù irin dípò aró, a sì lè pa á rẹ́ kí a tún un kọ ní nǹkan bí ìgbà 1,000. DVD-RAM lè tó 100,000. Ṣùgbọ́n RW kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó R, nítorí náà àwọn ẹ̀rọ mìíràn kì í rí i kà. Èyí tí ó ní ìpele méjì, tí ó gba 8.5, jáde ní ọdún 2004 ní ẹ̀yà àròpọ̀, ti ìlà sì dé ní 2005.

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà jù lọ ni títi àwo pa lẹ́yìn ìkọ̀wé, èyí tí àwọn oníṣẹ́ fídíò ń pè ní fáínàláìsì. Bí ẹni tó ya ìsìn kò bá ṣe é, ẹ̀rọ mìíràn yóò sọ pé àwo ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwàásù wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ irú àwo bẹ́ẹ̀ nù. Bí a bá tún rí irú ẹ̀rọ tí a fi kọ ọ́, a lè tì í pa lórí rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà bí IsoBuster náà lè ka àwo tí a kò tì.

Aró a máa ṣá nínú oòrùn àti ooru, gẹ́gẹ́ bí ti àdìrẹ. Àwo tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé, tàbí tí a lẹ ìwé mọ́ lára, ni kí ẹ kọ́kọ́ dà kọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kì í sábà ní ojú àwo mọ́, nítorí náà ẹ̀rọ àfikún tí a ń fi okùn USB so ni ẹ óò nílò. Gbogbo fódà VIDEO_TS ni kí ẹ dà sórí háàdì díìsìkì, kì í ṣe fáìlì kan nínú rẹ̀, nítorí DVD a máa gé ìsìn kan sí fáìlì bíi gígábáìtì kan kan. Kí ẹ̀dà kan wà ní Ìdèrè, kí èkejì wà ní ìlú mìíràn, kí a sì kọ ọjọ́ ìsìn àti orúkọ oníwàásù sí orúkọ fódà náà.