Ipò, Orúkọ àti Ohùn: Bí Àwọn Ìjọ Kristẹni Ilẹ̀ Yorùbá Ṣe Wá Ìdánimọ̀ Tiwọn

Bí a bá ń ṣe àgbéyẹ̀wò òmìnira àwọn ìjọ Kristẹni nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe olórí ni ó sábà máa ń gba iwájú. Èyí kò ṣàjèjì, nítorí ibẹ̀ ni aáwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1888, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó yapa kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kú ní 1891, òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1901, àwọn aláṣẹ Áńgílíkà mú James Johnson kúrò ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, Èkó. Púpọ̀ nínú ọmọ ìjọ náà bínú jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ onílé jókòó sórí àga, ọ̀tọ̀ ni kí ìsìn dún bí ti ilé. Ètò ìsìn, aṣọ àlùfáà àti orin òyìnbó ni púpọ̀ nínú àwọn ìjọ tuntun náà ṣì ń lò. Mojọlá Agbebi tètè rí àléébù yìí. David Brown Vincent ni orúkọ rẹ̀ títí di 1894 tí ó pa á dà. Ó sì ti bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀. Nínú ìwàásù tí ó ṣe fún African Church ní oṣù Kejìlá 1902, ó ṣàlàyé pé ìwé orin, dùùrù, orúkọ àti aṣọ òyìnbó kì í ṣe ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́.

Nínú orin ni ìṣòro náà ti hàn jù. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí orin àjèjì bá gbé ìparí 'ẹ̀ṣẹ̀' sókè, 'ẹ̀ṣẹ́' ni etí yóò gbọ́. Ohun tí à ń tọrọ ìdáríjì lé lórí yóò wá di ohun tí oníjà fi ń lu ọmọnìkejì rẹ̀. J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà ní Abẹ́òkúta, lo ohùn orin ìbílẹ̀ láti fi kọ orin ìyìn, ó sì kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Kristi, Èkó, tẹ ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953 lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà.

Ó yẹ fún àkíyèsí pé inú ìjọ Áńgílíkà ni àwọn méjèèjì wà. Ẹni tí ó jáde lè gbé orin ẹlòmíràn dání lọ. Ẹni tí kò jáde sì lè sọ orin ilé baba rẹ̀ di ìyìn. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn yìí, kí ó má ṣe dúró sórí ọdún tí ìjọ yapa àti ẹni tí ó jẹ olórí. Kí ó tún bèèrè bóyá ìyá àgbà tí kò gbọ́ èdè mìíràn lóye ohun tí òun ń kọ lórin.