Ikú tí àwùjọ fi ránṣẹ́ sí ènìyàn



Bí ẹnì kan bá gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Ìwó níbí, ọ̀rọ̀ méjì ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní bí Orí rẹ̀ ṣe yàn án nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní ikú yá ju ẹ̀sín, bí ẹni pé àwọn baba wa ti fi àṣẹ sí i. Ìtàn Ọ̀yọ́, ìlú tí kò jìnnà sí tiwa, kò jẹ́ kí n gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ wo Lábísí, ẹni tí wọ́n yàn ní Aláàfin nígbà tí Gáà jẹ́ Baṣọ̀run, ní nǹkan bí ọdún 1754. Kí ó tó jókòó lórí ìtẹ́ ni Gáà ti pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì ku ẹni tí yóò finú hàn. Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìlà díẹ̀ ni Samuel Johnson fi kọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó tó mi. Ayé ló kọ́kọ́ kọ Lábísí kí òun tó kọ ayé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọba tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀: dandan ni kí ó kú. Irú àwọn ìjòyè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń jà du agbára, ni mo rò pé òwe ẹ̀sín yẹn bá mu. Kí ló pa á pọ̀ mọ́ ẹni tí ó jẹ gbèsè àjọ, tàbí ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò?

Àṣà mìíràn tún wà: bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a kú. Àtìbà, tí ó tẹ Ọ̀yọ́ òde òní dó, ní Adélù ọmọ òun kò ní kú. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀, ó ní kò bá àṣà mu. Àtìbà wàjà ní 1859, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. (Ìjà agbára láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè wà nínú ogun náà pẹ̀lú.) Adélù jọba títí di 1875. Ọdún 16 ni ẹni tí àṣà ti dá ẹjọ́ ikú fún fi wà láàyè lórí ìtẹ́, nítorí pé baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ síta.

Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan tọ́ sí ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ tinú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀? Èkó yí tirẹ̀ padà ní 2011, kí ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ní Arò, Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí i ká, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Nítorí náà, bí ẹni tí ayé sú bá wọlé mi, kí n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni mo máa ń bi í léèrè gbangba bí ó bá ń ro ikú. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a kì í jẹ́ kí ó dá sùn lóru ọjọ́ náà. A ó ránṣẹ́ pe ẹni tí ó fẹ́ràn jù nínú ẹbí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi àti onítọ̀hún ni yóò sin ín lọ sọ́dọ̀ dókítà, a ó sì jọ dífá nígbà tí a bá dé.